Owó Ẹ-kú-iṣẹ́ Tí Wọ́n Gbà Padà

Bàbá wa, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ gbé oúnjẹ olóúnjẹ jáde nínú òjò, tí ẹ ò padà wálé. Ọdún mẹ́ta! Ẹni tó ni oúnjẹ ti ṣèlérí lórí fóònù pé bí ẹ bá tètè dé, owó ẹ-kú-iṣẹ́ rẹpẹtẹ ń bẹ. Ẹ sáré, alùpùpù yọ̀ ní oríta, ó parí. Nítorí tiwa lẹ ṣe sáré, Bàbá.

Àbíkẹ́yìn yín ti ń dá ìwé kà. A ti parí yàrá ẹ̀yìn, a kùn ún ní àwọ̀ ewé tí ẹ fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá wa ní ó jọ ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ẹ-kú-iṣẹ́ ò tíì tán lára Ìyá wa o! Bí a bá ra oúnjẹ lórí fóònù, á máa bá ara rẹ̀ jiyàn. Bí òun bá ṣèlérí owó ńlá, ẹni tó ń gbé e bọ̀ á sáré àsápajúdé. Bí òun ò bá sì ṣèlérí, a jẹ́ pé ahun lòun, òun tí ọkọ òun fi iṣẹ́ yìí bọ́ ilé. Ló bá wá ọgbọ́n dá: kò ní ṣèlérí ohunkóhun. Bí wọ́n bá dé, á ní kí wọ́n ṣí akoto, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n mu omi, kó tó tú owó létí ìró rẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ rò pé ó fẹ́ fọmọ fún òun ni!

Bàbá, ẹ má bínú. Àkọ́bí yín obìnrin ló ń gun alùpùpù yín tí a tún ṣe, iṣẹ́ yín náà ló ń ṣe. Ìyá wa bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀, ó ní ẹnu lásán kọ́ la fi ń jẹun. Ẹ̀yin náà lẹ mọ ibi tó ti jogún orí kunkun.

Lónìí, ọjọ́ ìrántí yín, òjò tún dé bá a lójú ọ̀nà. Ó ti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé oníbàárà kan ṣèlérí owó ńlá bí òun bá tètè dé. Háà, Bàbá! Ìdí Ìyá wa ò balẹ̀ mọ́. Ó lọ sójú fèrèsé, ó padà, ó gbé fóònù, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, kó má baà pe ọmọ lórí eré. Ó kọjú sí àwòrán yín, ó ní kẹ́ ẹ má kàn jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ di ọmọ yín mú!

Ó pẹ́ kí àkọ́bí yín tó wọlé. Omi ń ro lára rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní òun rọra rìn ni, oúnjẹ ti tutù, oníbàárà bínú, ó gba owó tó ṣèlérí padà, kò fún òun ní nǹkan kan.

Bàbá, Ìyá wa bú sáyọ̀! Ó jó yí i ká, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tó bínú. Ó ṣí akoto lórí ọmọ, ó mú un jókòó, ó bu omi fún un. Ó wá tú etí ìró, ó kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Ìyá wa tó sunkún.

Ì bá jẹ́ ẹ pẹ́ dé lọ́jọ́ náà! Ì bá jẹ́ oúnjẹ wọn tutù, kí wọ́n bú yín, kí wọ́n má fún yín ní nǹkan kan, kẹ́ ẹ ṣáà wọlé tọ̀ wá wá. Àárò yín ń sọ wá, Bàbá wa. A nífẹ̀ẹ́ yín, ẹ̀ báà wọlé lọ́wọ́ òfo.