Màámi, Ẹ Má Gbálẹ̀ De Ìjọba

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iná, ẹ kú èéfín, ẹ kú ìfaradà. Mo kí Àǹtí Múnírá, àbúrò yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ara mi le, a dúpẹ́. Sìkírá, àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, kà á sókè kí gbogbo àgọ́ gbọ́. Kì í ṣe Màámi nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Òtútù ìlú òyìnbó ti tún dé. Ilé iṣẹ́ ẹja ni mo ṣì wà. Ìbọ̀wọ́ méjì ni mò ń wọ̀ léra, síbẹ̀ ọwọ́ mi á kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹja yíyan tiwọn! Inú àpótí irin ńlá ni, èéfín á gba páìpù lọ sókè, ẹni tó ń yan án á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa mu tíì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, ẹkún ni mo sun. Wọ́n rò pé àárò ilé ló ń sọ mí. Ó ń sọ mí lóòótọ́, torí kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Rìsí níbí, ṣùgbọ́n ojú yín tí èéfín ń wọ̀ ni mo rántí.

Sìkírá sọ fún mi lórí fóònù pé Àǹtí Múnírá wọlé, ẹ ń kí i bí àlejò. Àbúrò yín tí ẹ jọ mu ọmú kan náà! Ẹ ní kò sí nǹkan, pé oòrùn ló wọ̀ yín lójú. Oòrùn wo, Màámi, nínú àgọ́?

Inú mi dùn nígbà tí ẹ̀yin àtàwọn ìyá ẹlẹ́ja Ìkòròdú jọ gbé páálí dání, tí ẹ lọ dúró sẹ́nu géètì ìjọba, pé kí wọ́n bá yín ṣe ààrò ìgbàlódé, kí wọ́n rántí oníṣẹ́ kéékèèké. Mo fi yín yangàn níbi iṣẹ́. Àwọn ìjọba ní àwọn á wá wo ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì wá. Àfi bí ẹ ṣe pa iná! Ẹ gbálẹ̀, ẹ wọ́n omi, ẹ fi kọ́tìnì léèsì Àǹtí Múnírá bo ògiri tó dúdú. Ẹ wọ aṣọ Iléyá, ẹ se ìrẹsì, ẹ fi ọ̀bọ̀kún ńlá lé e. Ọ̀gá wọn bi yín pé báwo ni iṣẹ́, ẹ ní a dúpẹ́, kò sí wàhálà. Ó jẹun yó, ó padà lọ sọ pé ayé ń yẹ àwọn ìyá Ẹ̀pẹ́. Ẹ wá ń ṣe háà.

Mi ò lè bínú. Bí ẹ ṣe tọ́ wa náà nìyẹn, a kì í jẹ́ kí àlejò bá ilé ní ìdọ̀tí.

Ní báyìí, ẹ ti tún padà lọ sẹ́nu géètì, wọ́n sì ní bí ààwẹ̀ bá ti parí, àwọn á tún wá. Mi ò sùn dáadáa mọ́. Sìkírá ní ẹ ti ń bèèrè kọ́tìnì yẹn. Màámi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ẹ dá iná bí ẹ ṣe ń dá a lójoojúmọ́. Ẹ gbé àga ọ̀gá náà sẹ́nu ààrò, kí èéfín wọ̀ ọ́ lójú, kó wúkọ́ dáadáa. Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ fún un lómi tútù. Àǹtí Múnírá, ẹ má bínú sí mi, ẹ ká kọ́tìnì yín sínú àpótí. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ lè ra igi ìdáná, kò lè ra ojú.

Tó bá tún bi yín pé ṣé dáadáa ni, mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín. Èmi náà ti sọ ọ́ lókè lẹ́tà yìí, ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, Ọlọ́run ò ní bínú tí ọpẹ́ yín bá pẹ́ díẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò rí ojú rẹ̀ pàápàá dáadáa níbi tó jókòó sí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run á dá ojú yín sí, Màámi. Lọ́jọ́ tí mo bá wọlé, ẹ ò ní kí mi bí àlejò.

Èmi ni ọmọ yín,
Rìsíkátù