Mo Tẹ "Bẹ́ẹ̀ Ni" Lẹ́yìn Ọ̀gá Mi

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá. Akọ̀wé iléèwé ni mí. Ẹ bá mi bo orúkọ mi.

Ojoojúmọ́ ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun pààrọ̀ ètò tó ń gbé òun ṣiṣẹ́ sí tuntun. Kí ọ̀gá mi tó lọ fún ìsinmi, wọ́n kìlọ̀ pé, "Má dá a lóhùn." Mo dá a lóhùn. Ojú ẹ̀ ń dán gbinrin báyìí, àmọ́ èsì ìdánwò ọdún mẹ́wàá ò ṣí mọ́.

Ọ̀gá pè lánàá: "Kọ̀ǹpútà mi ńkọ́?"

"Ara ẹ̀ le, mà."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ ni àbí kí n dákẹ́? Ọ̀gá kì í fi ètò orí rédíò yìí ṣeré. Tí olóòtú bá ti kà á, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rọra kà á.