Gàníyù Mùstàfá, 1956–1985: Àwòrán Tó Ku Òrùlé

Ìdílé Mùstàfá ní Chicago kí gbogbo yín tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ẹnu wa ò tíì gbà á láti pe Gàníyù ní olóògbé. Ẹ bá wa fara dà á.

Ìlú Ìwó ni a ti bí i ní oṣù kìíní ọdún 1956, ọmọ Alhaji Mùstàfá, àgbà bíríkìlà, àti Alhaja Sàdíátù. Ìwó náà ló ti ṣe sẹ́kọ́ńdírì, tó ń po sìmẹ́ńtì fún Baba ní gbogbo ọlidé.

Ọdún 1979 ló dé Chicago. Nígbà tí Baba gbọ́ pé iṣẹ́ ọnà àti yíya àwòrán ilé ló fẹ́ kọ́, wọ́n bi í pé ṣé ògiri tí àwọn ń mọ nílé ti wó ni, tó fi ń lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ Òyìnbó.

Yunifásítì tó wọ̀ ti pẹ́, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Lọ́jọ́ tí tíṣà ní kí wọ́n lọ wọn ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé ibẹ̀, àwọn yòókù mú tépù. Okùn tó ta kókó sí ni Gàníyù mú, bí Baba ti kọ́ ọ. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Tíṣà fi tépù tún un wọ̀n, kò fi ìbú ìka kan yẹ̀.

Ní 1982 ó fẹ́ Kàfáyàtù, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń gbé ní Albany Park. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

Lọ́dún tó kọjá, Baba ránṣẹ́ pé àwọn ti wa ìpìlẹ̀ mọ́ṣáláṣí àdúgbò, kí Gàníyù wá yà á. A mọ̀ pé ìbínú Baba lórí ẹ̀kọ́ tó lọ kọ́ ti tán nìyẹn. Ó ṣèlérí pé àwòrán á délé kí ààwẹ̀ ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù April, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, ó wọ train lọ sí school. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tó fi ṣubú lórí àtẹ̀gùn, kò sì dìde mọ́. Tíì tó mu kù ṣì wà lórí tábìlì nígbà tí wọ́n pè wá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Orí fífọ́ lásán.

Àwọn àgbà ní a ò gbọ́dọ̀ fi tẹligíráàmù sọ ọ́ fún Baba. Àbúrò wọn, Mùsílíù, ló lọ bá wọn nílé, tó kọ́kọ́ ní ara Gàníyù ò yá, kó tó sọ òótọ́ lọ́jọ́ kejì. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé yìí, tí a ó fi ránṣẹ́ sílé, kò fi dárúkọ ibi tí a sin ín sí. Nígbà tí Baba pè wá lórí fóònù, ohun tí wọ́n sọ ò ju èyí lọ: "Ẹ má sọ ibi tí ẹ tẹ́ ẹ sí fún mi. Ibo ló yà á dé?"

A ní ó ti ya ògiri, ó ti ya fèrèsé, òrùlé ló kù. Wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó fi Baba àti Ìyá sílẹ̀ lọ, àti Kàfáyàtù ìyàwó rẹ̀, Bímbọ́lá ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, àti Sìmíátù àbúrò rẹ̀. Ọmọ-ọmọ kò sí láti kà. Kò tíì tó àkókò rẹ̀.

Gàníyù, kí Ọlọ́hun mú sàréè rẹ fẹ̀, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Sùn un re, ọmọ bíríkìlà.