Bí Mo Ṣe Gbé Ọwọ́ Méjèèjì Sókè sí Ọ̀ràn Talatu

Òkè-Oyi, lẹ́bàá Ìlọrin

Ọmọ mi Àbdùlgàfárù,

Salaamu alaikum. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ṣé eruku èédú rélùwéè ò tíì di ẹ̀wù sí ọ lára? Ọlọ́run Ọba á ṣọ́ ọ níwájú irin, á ṣọ́ ọ lẹ́yìn irin. Ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti rọlẹ̀, ewúrẹ́ rẹ̀ sì bí ìbejì. Ẹnu mi lo ń gbọ́ yìí, àmọ́ ọwọ́ tísà ilé-ìwé ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́.

Ọmọ mi, bàbá rẹ ti di ọmọ ìgbìmọ̀! Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́ ilé-ìwé sórí ilẹ̀ wa ní kí n máa wá bá wọn jókòó, torí onílẹ̀ kì í ṣe àlejò. Èmi ìmàle láàrin wọn, tòun ti láwàní mi! Òyìnbó Pásítọ̀ ni alága. Kí a tó sọ̀rọ̀ òní, wọ́n á kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tí a sọ lóṣù tó kọjá sí wa létí, bí ẹni pé a ti sẹ́ ẹ. Bí o bá sì fẹ́ bá ẹni tó jókòó tì ọ́ wí, alága lo máa kọjú sí, bí orogún méjì tó ń jà tí wọ́n ń rán ọmọ sí ara wọn. Ó dùn mọ́ mi jọjọ! Mo ní kí Pásítọ̀ bá mi sọ fún Bàbá Ìjọ, àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà níhà mi, pé orí kunkun rẹ̀ ju ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Àúdù lọ. Pásítọ̀ ní a kì í sọ irú ìyẹn.

Ọ̀ràn Talatu àbúrò rẹ ló wà nílẹ̀. O mọ̀ pé ojú fèrèsé ilé-ìwé ló ń dúró sí, tó ń ka a, b, d tẹ̀lé àwọn tó wà nínú ilé. Bàbá Ìjọ dábàá pé ọmọbìnrin ìmàle kankan ò gbọdọ̀ wọlé àfi tó bá ṣe ìrìbọmi. Ẹnì kan kín in lẹ́yìn, torí láìsí akínnilẹ́yìn, àbá ò dúró lọ́dọ̀ wọn. Pásítọ̀ wá sọ nǹkan lédè òyìnbó. Kí tísà, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo rí i tí ọwọ́ ń lọ sókè. Mo ní, háà, àdúrà ti dé! Kí oníṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà ju ìmàle lọ lórí ilẹ̀ bàbá mi? Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní kí Ọlọ́run bá wa mú Talatu wọlé, mo ṣe àmín kíkankíkan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

Bí mo ṣe lajú, Bàbá Ìjọ ti dì mọ́ mi. Ojú tísà sì ti le. Àṣé wọ́n ń ka àwọn tó fara mọ́ àbá Bàbá Ìjọ ni! Àwọn mẹ́ta lòdì sí i, àwa mẹ́rin fara mọ́ ọn, èmi ni ìkẹrin. Èmi tí mo bí Talatu!

Mo kígbe Àsítàgàfúrúláhì, mo ní mo gbé ọwọ́ mi padà. Pásítọ̀ ní ohun tí ìgbìmọ̀ bá ti parí ti parí. Tísà bẹ̀ ẹ́ pé kí a tún un gbé yẹ̀ wò, Pásítọ̀ ní tísà ò lẹ́nu níbẹ̀, torí ó wà lára àwọn tó fìdí rẹmi. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá wà lára àwọn tó borí nìkan ló lè ní kí a tún ọ̀rọ̀ dá. Bàbá Ìjọ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ló máa borí tán tó máa ní ká tún ìjà bẹ̀rẹ̀?

Ni mo bá rántí pé èmi náà borí! Mo fò dìde, mo ní kí a tún un dá. Tísà ti kín mi lẹ́yìn kí n tó pa ẹnu dé. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tí kò fara mọ́ àbá náà, mo na ọwọ́ ọ̀tún nìkan, mo fi òsì di àga mú kó má baà tún gbéra. Àwa mẹ́rin la lòdì sí i! Talatu máa wọlé lọ́jọ́ Àtìní, láìsí ìrìbọmi. Bàbá Ìjọ ní alábòsí ni mí, mo ní kó lọ bi òfin wọn.

Nítorí náà, fi ṣílè díẹ̀ ránṣẹ́ fún síléètì àti aṣọ Talatu. Bó bá ṣẹ́ kù, ra bàtà fún mi, ọmọ ìgbìmọ̀ kì í wọ sálúbàtà tó já. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣìnà. Bí o bá sì ti bá wọn ṣìnà, kó fún ọ ní ẹnu tí o máa fi ní kí wọ́n padà. Àmín, àmín, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Màmúdù