Ẹ Má Fi Òdo Síbi Tí Èsì Kò Tíì Dé

Ẹ̀yin àbúrò ọkọ mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ara wa le ní ìlú Lotto níbí. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti ń fúyẹ́.

Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí ìkànnì ìròyìn ìbò tí ẹ ń bójú tó látìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti kú. Lọ́jọ́ ìbò, òdo lẹ fi síwájú àdúgbò tí èsì wọn kò tíì dé. Bàbá Ògúnkànmí, aládùúgbò wa, rí òdo níwájú àdúgbò wa lórí fóònù, ó fò dìde: "Òdo kẹ̀? Èmi tí mo tẹ̀ka láàárọ̀ ńkọ́?" Díẹ̀ ló kù kí ìjà bẹ́ sílẹ̀.

"À ń retí èsì" ni ẹ̀gbọ́n yín máa ń kọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Bí mo bá kà á, ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́.

Olúwa á dá yín sí fún wa.

Èmi ìyàwó yín,
Folúkẹ́