Ìhìnrere Tó Fò Wá Kọjá

                                        Àjà Kẹta, Ilé Alájà Mẹ́fà,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Àbúrò mi àtàtà, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo padà délé? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ àbíkẹ́yìn ti lọ? Ẹsẹ̀ rẹ tí bàtà òjò bó láwọ ńkọ́? Ara tèmi le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ò sì yọ mí lẹ́nu. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ǹ bá ti fèsì fún ọ lórí fóònù lánàá, àmọ́ o kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Ìwé yìí ò ṣeé já lẹ́nu gbà, nítorí náà fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa.

Mo rántí bí ìwọ àtàwọn oníwàásù ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣe yà sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ẹ fẹ́ sùn kẹ́ ẹ tó kọjá sí abúlé yẹn lọ dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bàtà òjò dé orúnkún, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, àwọ̀n ẹ̀fọn léjìká, lórí sìmẹ́ǹtì ilé wa! Ẹni tó bá rí yín á rò pé erin lẹ fẹ́ lọ pa. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiyín, oníwàásù tí bàtà rẹ̀ ò bá lẹ́rẹ̀, ẹ kì í kà á kún òṣìṣẹ́ Olúwa. Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo wọ ilé ìdáná lọ.

Kí lẹ wá bá lábúlé? Ìwọ náà lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́: ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, arúgbó díẹ̀, ewúrẹ́ rẹpẹtẹ. O ní bàbá kan ló ń ṣe díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì kìíní láàárọ̀, tí òun náà tún ń fún àlejò níjòókòó ní ìkejì tó bá dọ̀sán. Háà! Ẹ tún fẹ́ fi ìkarùn-ún kún un. Ṣé ẹ fẹ́ pa bàbá olóore yẹn ni? Ẹ sì béèrè àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ní gbogbo wọn ti lọ sí ìlú ńlá. Àbúrò mi, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n wà! Orí àtẹ̀gùn ilé wa lẹ ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yà fún ẹrù yín.

Wò ó, èrò inú ilé yìí nìkan ju gbogbo abúlé yẹn lọ. Awakọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀, tó ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀, ìlú wo ni ọkọ̀ rẹ̀ kì í dé? Bí o bá wàásù fún un, ìwàásù náà á bá a wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. O ní ọkàn ará ìlú ńlá le. Ta ló sọ fún ọ? Jónà gan-an, ìlú ńlá ni Ọlọ́run rán an lọ, òun ló sá wọ ọkọ̀ ojú omi. Àbí kí n bá ọ wá ẹja ni?

Ẹ̀fẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ tó dùn mí wọra nìyí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ sùn lọ́dọ̀ mi, obìnrin iyàrá tó kọjú sí tèmi, èyí tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn, wá kanlẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe wà lórí àìsàn, ó fẹ́ kẹ́ ẹ wá gbàdúrà fún un. Bóyá ìwọ ò mọ̀, o ti dijú nínú àdúrà. Adarí orin yín ló yọrí síta, ó ní kó máa lọ ná, pé ẹ ń gbàdúrà fún àwọn ọkàn tó sọnù. Ló bá pa ìlẹ̀kùn dé! Èmi wà nídìí ìkòkò oúnjẹ yín, mi ò gbọ́. Ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ dé abúlé ni ọkùnrin náà kú.

Arábìnrin yìí ló sọ ọ́ fún mi, kò tiẹ̀ bínú. Ó ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀. Ojú tì mí, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní kọ́nà ní àwọn kì í sin ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, ló bá ń bẹ̀ mí pé ṣé àbúrò mi pásítọ̀ ò lè wá sin ọkọ òun lọ́jọ́ Sátidé. O sì ní Sátidé yìí kan náà lẹ fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì karùn-ún lélẹ̀. Búlọ́ọ̀kù lè dúró, àbúrò mi. Òkú ò lè dúró.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Sọ fún adarí orin yín pé mo ní ó kú ohùn.

Bí o bá wá, inú mi á dùn gan-an. Bí o ò bá wá, èmi aránṣọ yìí ni màá ka Sáàmù létí sàréè, torí gbogbo ará ilé ti ní àwọn ń bọ̀. Tí wọ́n bá bi mí pé àbúrò mi pásítọ̀ dà, mi ò ní purọ́ fún wọn. Màá ní ó ti wá èèyàn lọ síbi tí kò sí èèyàn.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ tó sì ń bá ọ wí,
                                        Ìyá Aránṣọ.