Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Ìdílé Màmá

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti inú òtútù yìí. Mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín, mo kí àwọn ìyàwó ilé ní Ìjemọ̀, mo kí gbogbo ẹbí tó wà lórí wásáàpù. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́ sójú gbogbo wọn pé ìdílé Màmá ni jẹjẹrẹ tó pa Bọ́lá, àbúrò mi, ti wá, torí èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn náà. Ó dáa. Ẹ gba èsì.

Yìnyín ti bo ilẹ̀ níbí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo sẹ́ẹ̀lì ọmọ èèyàn nínú yàrá àyẹ̀wò, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ Yorùbá. Níbẹ̀ ni ọ̀gá mi ti bá mi yẹ ẹran ara Bọ́lá wò, èyí tí dókítà Abẹ́òkúta fi ránṣẹ́ nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí dókítà yẹn sọ pé jíìnì lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ìran lẹ gbọ́. Ẹ fara balẹ̀, Bàámi. Jíìnì ni àṣẹ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì; ọ̀kan wà tó ń ṣọ́ ọyàn kí jẹjẹrẹ má hù níbẹ̀. Ti Bọ́lá pé, kò jogún àléébù kankan. Ṣùgbọ́n nínú kókó tó yọ ní ọyàn rẹ̀, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ jíìnì náà, kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, bí ọdẹ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ kí olè tó wọlé. Ìgbà tí Bọ́lá dàgbà tán ló ṣẹlẹ̀. A ò tíì mọ ohun tó fà á. Màmá kọ́.

Nígbà tí kókó náà ṣì kéré, dókítà ní kí Bọ́lá wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ ò jẹ́ kó lọ, ẹ ní ohun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀bẹ kì í yọ ọ́. Ó dùn létí bí òwe, àbí? Òwe yín ló pa á. Ẹ tún lé Màmá jáde, ó wá ń gbé yàrá kan láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Alábàtà, ẹ̀yin jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bá yín kẹ́dùn.

Mo pe Màmá, mo sọ èsì náà fún un. Mo rò pé yóò bú yín. Kò bú yín. Ó kàn bi mí bóyá Bọ́lá mọ̀ kó tó kú. Mo ní kò mọ̀. Ìgbà náà ló sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ìdílé yẹn, Bọ́lá ò gbà kí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kan ara òun mọ́. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni Màmá dúró sí tí ọmọ rẹ̀ fi kú.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, Bàámi. Iyè yín ò ní ra, kí ẹ lè máa rántí. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín, ọmọ ìdílé Màmá,
Káyọ̀dé.